Ààrò èéfín wo ló yẹ ẹ̀yìnkùlé yín?

Weber Smokey Mountain, ààrò èéfín oníná èédú tí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ ínṣì 18, ni mo rà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Houston, ní Texas, l'Amẹ́ríkà, òun náà sì ni màá ní kí ẹni tó bá bi mí lọ rà. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tí ò ráyè kàwé gígùn lè mọ ibi tí mo fì sí. Ẹni tó bá ráyè, kó jókòó, torí ààrò èéfín, èyí táwọn ará ibí ń pè ní smoker, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wo dídán ẹ̀ rà. Owó ńlá ni. Ó ń gba àyè. Bí èyí tẹ́ ẹ rà ò bá sì bá ìgbé ayé yín àti irú ẹran tẹ́ ẹ máa ń sè mu, ẹ̀yìnkùlé ni yóò dúró sí tí òjò á máa pa á títí tí á fi dógùn-ún.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, inú èéfín ni mo sì dàgbà sí. Ìyá mi máa ń ra ẹja tútù lọ́jà Olúwo, wọ́n á yan án, wọ́n á tà á fáwọn tó ń kó o lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Èkó. Dírọ́ọ̀mù tí wọ́n gé sí méjì, àwọ̀n irin tí wọ́n tẹ́ sórí ẹ̀, igi tó ń jó jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀, páálí tí wọ́n fi bo ẹja lókè: gbogbo ohun èlò náà nìyẹn. Wọ́n á fi iyọ̀ fọ ẹja àrọ̀ kí yíyọ̀ ara ẹ̀ lè lọ, wọ́n á ká a roboto, wọ́n á fi igi tín-ín-rín gún ìrù ẹ̀ mọ́ ẹnu. Bí iná bá fẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á fa igi kan sẹ́yìn tàbí kí wọ́n fọ́n omi sí i. Wọn kì í wo aago. Wọ́n á gbé ẹja kan sọ́wọ́, wọ́n á fi wíwúwo ẹ̀ mọ̀ bóyá omi ara ẹ̀ ti tán tàbí ó ṣì kù.

Ohun kan ni mo mú kúrò lọ́dọ̀ wọn tí mo fi ń díwọ̀n gbogbo ààrò tí mo bá rí: afẹ́fẹ́ lọ̀gá. Iná ń jẹ afẹ́fẹ́, èéfín sì ń bá afẹ́fẹ́ rìn. Ààrò tó bá jẹ́ kẹ́ ẹ lè fọwọ́ ara yín pinnu iye afẹ́fẹ́ tó ń wọlé àti ibi tí èéfín ń gbà jáde, ẹ lè fi dáná bó ṣe wù yín. Èyí tí ò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun lá máa darí yín. Èéfín funfun tó ń rú gùdù, tí kò ríbi jáde dáadáa, kíkorò ló ń fi sára ẹran. Èéfín tó dáa ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọ̀ ẹ̀ fara jọ búlúù díẹ̀, nígbà míì ẹ ò tiẹ̀ ní rí i, òórùn ẹ̀ nìkan lẹ máa gbọ́.

Ká tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan, ó yẹ ká mọ iṣẹ́ tá a fẹ́ fi rán an. Àsun àti ṣúyà, iná ń bá ẹran lójúkojú. Ti àwọn ará Texas, iná wà lọ́tọ̀, ẹran wà lọ́tọ̀. Ooru àti èéfín ló ń dé ìdí ẹran, ní ìwọ̀n 225 sí 275 ti Fahrenheit, tó jẹ́ nǹkan bíi 107 sí 135 ti Celsius. Fahrenheit náà ni gbogbo ìwọ̀n ooru tó kù tí mo máa dárúkọ. Ẹran tí wọ́n fi ń yangàn jù ni àyà màlúù, brisket. Ẹran tó ń gbé ara màlúù dúró ni, iṣan inú ẹ̀ sì le. Tẹ́ ẹ bá sè é kíákíá, eyín ò ní ràn án. Àmọ́ tí ooru jẹ́jẹ́ bá bá a gbé fún wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣan yẹn á yọ́, á di omi kíki tó ń lẹ̀ mọ́ni létè bíi ti ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta ààrò fún yín ni pé: ṣé á lè mú ooru kan náà dání láti òru títí di ọ̀sán, kí n má sì dúró tì í bí ọmọ ọ̀dọ̀?

Èyí tí ẹran ẹ̀ dùn jù, mi ò ní parọ́, òun ni offset, èyí tí àpótí iná ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí èéfín ń gba àárín ẹran kọjá sí ṣímínì ní ìkángun kejì. Bàbá aládùúgbò wa, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, fi iṣẹ́ wẹ́dà jẹun nídìí iṣẹ́ epo kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Páìpù epo ni wọ́n fi jó ààrò tiwọn pọ̀ fúnra wọn, irin ẹ̀ sì nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì. Ọ̀pọ̀ ààrò àtijọ́ tó wà ní agbègbè yìí, irú ọwọ́ àwọn wẹ́dà bẹ́ẹ̀ ló ti jáde. Lọ́jọ́ Juneteenth, ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, tí wọ́n fi ń rántí bí ìròyìn òmìnira ṣe kan àwọn ẹrú ní Galveston, ní Texas, lọ́dún 1865, ìdájí ni bàbá ti máa ń dáná. Igi post oak gbígbẹ ni wọ́n ń kó sí i, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì kọ́kọ́ gbé igi náà lé orí àpótí iná kó gbóná kí wọ́n tó sọ ọ́ sínú, torí igi tútù ló ń mú èéfín dídọ̀tí wá. Wọ́n kọ́ mi pé kí n má máa wo iná nìkan, kí n máa wo ẹnu ṣímínì. Ẹran tí wọ́n bá gbé kúrò níbẹ̀, mi ò tíì jẹ irú ẹ̀ látinú ẹ̀rọ kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń san fún un. Àga wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò látàárọ̀ dalẹ́. Kò ní pé wákàtí kan tí iná á tún ti máa bèèrè igi. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lè ṣe é, ẹni tó sì fẹ́ràn iná dénú lè ṣe é. Èmi tí mo ń lọ síbi iṣẹ́, tí mo ní ọmọ láti gbé lọ síbi bọ́ọ̀lù, mi ò lè ṣe é. Àwọn offset pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tó wà nílé ìtajà, tówó wọn kéré, kì í tún ṣe ẹgbẹ́ ti bàbá rárá. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ra ọ̀kan. Irin ẹ̀ fẹ́lẹ́, èéfín ń gba gbogbo etí ọmọrí ẹ̀ jáde, apá tó sún mọ́ iná ń jó ẹran nígbà tí apá kejì ò tíì gbóná, ọ̀dà ara ẹ̀ sì ti ń bó kí ọdún tó yípo. Tẹ́ ẹ bá dénú ilé ìtajà, ẹ gbé ọmọrí ẹ̀ sókè. Bó bá fò tẹ̀ lé ọwọ́ yín fẹ́rẹ́, ẹ rọra gbé e padà, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ yáa tọ́jú owó títí á fi tó ra èyí tó nípọn, tàbí kẹ́ ẹ wá nǹkan míì.

Nǹkan míì tí gbogbo èèyàn ń sọ báyìí ni ti onígi wóró-wóró, pellet grill. Traeger láti Oregon ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀ ní 1986, nígbà tí ẹ̀tọ́ náà sì parí ní 2006 ni iléeṣẹ́ oríṣiríṣi rọ́ wọlé. Igi lílọ̀ ni wọ́n fún pọ̀ di wóró. Ẹ dà á sínú àpótí, irin kan tó ń yí bírí á máa fà á lọ sínú ìkòkò iná díẹ̀díẹ̀, fáànù á máa fẹ́ ẹ, ẹ̀rọ á sì máa ka ooru fúnra ẹ̀. Ẹ yí nọ́ńbà sí 225, ẹ lọ sùn. Àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, òun ló ń lò, ó sì bá a mu wẹ́kú: ó ń gbé èjìká ẹlẹ́dẹ̀ sí i kó tó lọ síbi iṣẹ́, tó bá fi máa dé láàárọ̀, ó ti rọ̀. Mi ò ní bá a jà sí i.

Ìdí tí mi ò fi ra a kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, èéfín ẹ̀ mọ́ jù fún ahọ́n mi. Iná inú ẹ̀ kéré, fáànù sì ń fẹ́ ẹ, ó ń jó mọ́ tónítóní, ẹran á dùn lóòótọ́ ṣùgbọ́n òórùn igi inú ẹ̀ kì í jinlẹ̀. Ẹni tó ti jẹ ẹja Ẹ̀pẹ́ á mọ̀ pé nǹkan kan kù. Ìkejì, iná mànàmáná ló ń lò. Ìjì líle Beryl jà ní Houston lọ́jọ́ 8 oṣù Keje 2024, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ilé àti ibi iṣẹ́ tí iná já mọ́ lọ́wọ́, àwọn àdúgbò kan sì wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ooru tó ń bó èèyàn lára. Ẹran inú fírísà ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Kí tiwa tó yọ́ tán ni mo ti dá èédú, mo to adìẹ àti ẹja sórí àwọ̀n irin méjèèjì, ilé mẹ́ta ló sì jẹun níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi tí mo ti Nàìjíríà wá, mi ò lè ra ààrò tó ń retí NẸPA. Ẹ tún rántí pé ọ̀rinrin pọ̀ nílùú yìí: bí ìrì bá kan wóró igi yẹn, á wú, á fọ́ di lẹ́búlẹ́bú, á dí irin tó ń fà á. Ẹni tó bá máa lò ó gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀ sínú ike tó ní ọmọrí.

Big Green Egg àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ sísun mọ, àrà ni. Láti Atlanta ni Egg ti bẹ̀rẹ̀ ní 1974, ẹ̀yà ààrò Japan ni, èédú díẹ̀ á gbé e dé ọ̀la. Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi díẹ̀ wúwo ju 150 pọ́ùn lọ, owó ẹ̀ lé ní 1,000 dọ́là, bí ẹ bá sì jẹ́ kó gbóná kọjá ààlà, yóò pẹ́ kó tó wálẹ̀ torí amọ̀ ò tètè gbàgbé ooru. Fún ẹni tó fẹ́ yan búrẹ́dì àti písà sí i pẹ̀lú, kó rà á. Ti oníná mànàmáná tó rí bíi fíríìjì kékeré, ẹni tó ń gbé fúláàtì tí wọn ò ti gba èédú lórí báńkónì ni kó rà á, lẹ́yìn tó bá ti béèrè lọ́wọ́ onílé. Èyí tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rà dípò Weber ni Pit Barrel Cooker, dírọ́ọ̀mù dúdú kan tí wọ́n ń fi ìkọ́ so ẹran rọ̀ sínú ẹ̀ lórí èédú. Ọkàn mi fà sí i gan-an, ẹ sì mọ ìdí. Adìẹ tó bá jáde nínú ẹ̀, awọ ẹ̀ á gan. Ó kàn jẹ́ pé ẹran àti iná ń wo ara wọn ní tààrà níbẹ̀ ni, kò fún mi ní àyè láti fà á sẹ́yìn bí mo ṣe fẹ́ fún nǹkan tó máa pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí èyí tí mo rà. Iléeṣẹ́ Weber ti ń ṣe é láti 1981, kò sì yí padà púpọ̀, ìyẹn nìkan ti tó mi láti fọkàn tán an. Ẹ mọ̀ wọ́n mọ ààrò roboto ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà nílé gbogbo ará Amẹ́ríkà. George Stephen, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin ní Chicago, ló fi irin bóòyà tí wọ́n ń jù sórí omi mọ ti àkọ́kọ́ ní 1952. Smokey Mountain ga ju ìyẹn lọ, ó rí gbọọrọ bí ọta ìbọn. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Ìsàlẹ̀ ni èédú wà, nínú òrùka irin kan. Àárín ni abọ́ omi wà, lókè abọ́ omi ni àwọ̀n irin méjì wà tí ẹran ń sùn sí, ọ̀kan lórí èkejì. Ọmọrí dé gbogbo ẹ̀. Ihò afẹ́fẹ́ mẹ́ta wà nísàlẹ̀, ọ̀kan wà lórí ọmọrí, ilẹ̀kùn kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèyàn lè gbà ki igi tàbí èédú láì ṣí òkè.

Abọ́ omi yẹn ni mo rà á fún. Omi tó ń hó kì í gbóná ju 212 ti Fahrenheit lọ. Bó ṣe wà láàárín iná àti ẹran, ó ń gba ooru tó bá fẹ́ sáré mọ́ra, kò sì jẹ́ kí iná rí ẹran ní tààrà. Ohun tí ìyá mi ń fọwọ́ fọ́n omi ṣe, abọ́ yìí ń fúnra ẹ̀ ṣe é. Ihò mẹ́ta ìsàlẹ̀ sì ni igi tí wọ́n máa ń fà sẹ́yìn. Ẹ ṣí wọn, ooru á gòkè. Ẹ pa wọ́n dé díẹ̀, á wálẹ̀. Ti òkè, ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí gbayawu nígbà gbogbo, kí èéfín má bàa há sínú. Tẹ́ ẹ bá yí ihò kan, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ń yí i sókè sódò léraléra, iná á máa bá a ṣe wàhálà.

Bí mo ṣe ń dáná nìyí. Mo máa ń fi èédú tí kò tíì jó kún òrùka yẹn, mo á gbẹ́ ihò díẹ̀ sáàrin. Mo á ri igi pecan mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó tóbi tó ẹ̀ṣẹ́, mọ́ àárín èédú náà. Mo á wá fi iná sí èédú díẹ̀ lọ́tọ̀, kò ju ogún ẹyọ lọ, títí tí eérú á fi bo ojú ẹ̀, mo á dà á sínú ihò àárín. Ẹyin iná yẹn á máa ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èyí á tún ran òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jẹ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àárín síta. Orúkọ Jim Minion ni àwọn tó ń figa gbága nínú ìdíje ẹran ń fi pe ọ̀nà yìí. Bí atẹ́gùn ò bá le, mo lè dá a lálẹ́ kí n sùn, kí n jí láàárọ̀ kí iná ṣì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ èéfín á funfun. Ẹ má gbé ẹran sí i. Ẹ dúró títí á fi fẹ́lẹ́.

Igi tẹ́ ẹ bá lò ṣe pàtàkì ju orúkọ ààrò lọ. Pecan pọ̀ ní Texas, òórùn ẹ̀ dẹ̀, ó bá ewúrẹ́ àti tòlótòló mu. Oak ni ti màlúù. Hickory lágbára. Mesquite, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹran tí kò ní pẹ́ lórí iná, torí bó bá pẹ́, ó ń korò. Igi ahóyaya tó ní oje bíi pine, ẹ má fi dán an wò, bẹ́ẹ̀ náà ni pákó ilé tí wọ́n ti fi oògùn sí tàbí tí wọ́n kùn.

Ohun tí mo sè sí i tó wú mi lórí jù ni itan ewúrẹ́. Ewúrẹ́ tútù wà lọ́pọ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tiwa lójú ọ̀nà Bissonnet, ẹ ní kí wọ́n má gé e. Mo máa ń fi iyọ̀, ata gígún, atalẹ̀, áyù àti yájì díẹ̀ pa á lára mọ́jú. Mo gbé e sí àwọ̀n òkè ní 250. Àwọn ará ibí fẹ́ kí ẹran já bọ́ lára eegun; àwọn àgbà tó ń wá sílé wa ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹran tí eyín lè bá ṣeré ni wọ́n ń fẹ́. Nítorí náà, mo máa ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí inú ẹ̀ bá dé nǹkan bíi 185, mi ò dúró de 200. Ara ẹ̀ á ti dúdú, á máa dán, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ kàn án á ró gbẹ̀rẹ́, inú ẹ̀ á sì tutù fún omi ara. Mo ti gbé e síwájú àwọn tó ń sọ pé ewúrẹ́ ò ṣeé jẹ láì bọ̀ ọ́ kọ́kọ́, wọ́n sì ní kí n tún gé sí i.

Ẹ múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ kan o. Bí ẹ bá gé àyà màlúù tàbí itan yẹn, ẹ máa rí ìlà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó yí etí ẹran ká. Kò sí òde tí mo gbé e lọ tí ẹnì kan ò ti ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ fún mi pé, “Mọ́mì, ẹran yìí ò tíì jinná.” Ó jinná. Gáàsì nitric oxide tó ń tinú igi àti èédú jáde ló bá èròjà tó ń mú ẹran pupa dà pọ̀, àwọ̀ yẹn ò sì ní lọ bẹ́ ẹ bá sè é dọ̀la. Tẹmómítà ni kẹ́ ẹ fi ki inú ẹran lójú wọn. USDA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀gbìn àti oúnjẹ, ní kí adìẹ àti tòlótòló dé 165, kí ẹja dé 145. Àyà màlúù ti kọjá gbogbo ìyẹn tipẹ́, torí nǹkan bíi 203 la ń gbé e dé kó tó rọ̀. Lójú ọ̀nà, bí inú ẹ̀ bá dé ìtòsí 160, ó lè dúró gbagidi fún wákàtí púpọ̀. Ẹ má dáyà já, ẹ má sì kó iná kún un. Omi tó ń gbẹ lára ẹ̀ ló ń tù ú, bí òógùn ṣe ń tu èèyàn. Ẹ fi bébà pupa táwọn alápatà fi ń di ẹran wé e, á gbéra.

Tòlótòló Thanksgiving, ìyẹn ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹ ra èyí tí kò ju 14 pọ́ùn lọ, kó má bàa pẹ́ jù kó tó gbóná dénú. Ẹ má bu omi sí abọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ kàn fi fóìlì bò ó, kẹ́ ẹ ṣí ihò kí ooru lè dé 300, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, awọ ẹ̀ á rí bíi rọ́bà. Ohun kan náà ni mo ń ṣe fún ẹja àrọ̀ tí mo bá fẹ́ kó gbẹ fún ọbẹ̀, àfi pé iná tirẹ̀ kéré gan-an. Tí omi bá wà nínú abọ́, ẹja á dùn láti jẹ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ rírọ̀ ni yóò rọ̀, kò ní ṣeé tọ́jú. Láìsí omi, tí ẹ̀yin náà sì ní sùúrù, á gbẹ, á dúdú, á fúyẹ́ lọ́wọ́. Mo ká a, mo fi igi gún ìrù ẹ̀ mọ́ ẹnu. Ọmọ mi obìnrin ti mọ̀ ọ́n ká.

Ó níbi tó kù sí. Láti dé ẹran tó wà lórí àwọ̀n ìsàlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ti òkè kúrò, nítorí náà ohun tó nílò àmójútó, òkè ni kó wà. Ọ̀rá á kún abọ́ omi, fífọ ẹ̀ ò dùn mọ́ èèyàn. Ẹ jẹ́ kó dì kẹ́ ẹ tó kó o dà nù, ẹ má dà á sí gọ́tà ilé ìdáná. Eérú ìsàlẹ̀, ẹ kó o kúrò nígbà gbogbo tó bá ti tutù pátápátá, torí ó ń fa omi mọ́ra, ó sì ń dí ihò afẹ́fẹ́. Odindi ewúrẹ́ ò lè wọ inú ẹ̀. Ẹni tó ń sè fún ináwó ọgọ́rùn-ún èèyàn, kó lọ bá àwọn oní-offset ńlá.

Nǹkan kan tí mi ò lè fò dá: ìta gbangba ni kí gbogbo ààrò èédú máa wà. Ní oṣù Kejì 2021, tí yìnyín mú Texas, tí iná lọ, àwọn kan gbé ààrò èédú wọlé àti sínú gárèèjì kí ara wọn lè yá. Gáàsì carbon monoxide tó ń tinú èédú jáde ò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì mú ẹ̀mí lọ. Ṣíṣí fèrèsé ò tó. Ṣíṣí ilẹ̀kùn gárèèjì ò tó. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ sún oúnjẹ di ọ̀la.

Ti ìwọ̀n, mẹ́ta ló wà: 14, 18, 22. Èyí tó kéré jù dáa fún tọkọtaya, kò gba àyà màlúù odindi. Ti 22 ń jẹ èédú gan-an, bóyá ẹ kún un tàbí ẹ ò kún un. Ti 18, owó ẹ̀ wà ní ìtòsí 400 dọ́là, àyà màlúù kan àti itan ewúrẹ́ méjì á wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ má ra 22 torí àlejò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ ra 18, kẹ́ ẹ fi owó tó ṣẹ́ kù ra tẹmómítà oníwáyà méjì, ọ̀kan fún inú ẹran, ọ̀kan fún orí àwọ̀n irin, torí tẹmómítà tó wà lára ọmọrí, òkè ló ń kà, ibi tí ẹran wà kọ́.